Ẹ jí ọmọ náà kí ìyá rẹ̀ tó wọkọ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ìyá àgbà ilẹ̀ Òkun

Sí ẹ̀yin ìyá àgbà wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wẹ̀, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀,

Òkun o, ẹ̀yin ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó la ẹnu. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni mo ń kọ́, ọdún kẹrìnlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bẹ ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́kọ́jà, níbi tí iṣẹ́ gbé wọn lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni mo ti ń gba ọmọ láàárọ̀, ọwọ́ yín náà ni mo ń dá a padà sí lọ́sàn-án. Àwọn tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà ní kíláàsì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìdí rèé tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín, tí mo sì kọ ọ́ ní gbangba, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́ lè ní kí ọmọ ilé kà á fún òun.

Ẹ ti tọ́ ọmọ yanjú kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí ojú mi rí ní kíláàsì ni mo fẹ́ rò fún yín, ẹ̀bẹ̀ mi sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ kejì oṣù kìíní. Èkó ni wọ́n ti gbé e wálé wá ṣe Kérésì. Nígbà tí ọdún tán, ìyá rẹ̀ padà síbi iṣẹ́, òun kù sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Láàárọ̀, kò sí ọmọ tó rọrùn tó o. Á kọrin, á bu búrẹ́dì rẹ̀ fún ẹnìkejì, á jókòó síbi tí a bá ní kó jókòó sí. Àmọ́ tí a bá ti ń palẹ̀ mọ́, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì kọ́ èjìká, ó parí nìyẹn. Á ju ara rẹ̀ sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, á ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, á gé e jẹ. Àpá eyín rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní ọmọ Èkó ni, pé wọ́n ti kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ìyá àgbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú pàṣán dání wá sẹ́nu géètì. Ojú ń tì í lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Bí ọmọ bá ń ké báyìí ní gbangba, ìyá àgbà ni gbogbo ojú máa ń wò.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fa ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé, "Màmá, báwo ni ìyá ọmọ yìí ṣe lọ?"

Ó ní, "Aago márùn-ún ìdájí ni ọkọ̀ gbéra. Ọmọ ń sùn. A rọra ṣe é ni, kó má baà sunkún."

"Nígbà tó wá jí ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọmọ náà wá ìyá rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ó wò ó nílé ìwẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá gbogbo. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, ó ń bọ̀. Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin ìyá mi, mo mọ̀ pé àánú ni ó ń mú wa ṣe é. Ìyá mi ṣe é fún mi, èmi náà ti ṣe é fún ọmọ mi nígbà tí mo ń lọ kàwé ní Kàbà. A kò fẹ́ rí omijé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìdí ọmọ náà. Ó sùn, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jí, ìyá rẹ̀ ti pòórá. Ta ni yóò tún jẹ́ kí oorun gbé òun lọ ní ìrọ̀rùn lẹ́yìn ìyẹn? Ó gbọ́ pé ọjà ni ìyá òun lọ, ọjà sì tú, àwọn tó lọ ọjà padà, ìyá òun kò padà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ibi tí ènìyàn bá ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni ẹ̀rù ti ń bà á. Báàgì tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń gbé kọ́ èjìká ni báàgì ìyá rẹ̀.

Mi ò sọ gbogbo èyí fún ìyá náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í, bóyá ó lè sọ òótọ́ fún ọmọ náà. Ó gbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó gbé e sẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ kò lọ sọ́jà. Èkó ló lọ. Mo purọ́ fún ọ, má bínú sí mi. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó ń sọ èmi náà." Ó ní ọmọ náà sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà ju bí ó ti ń sunkún tẹ́lẹ̀ lọ, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá mi bínú. Ṣùgbọ́n kò ní kó dákẹ́. Ó kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ó fi sùn. Ìyá ọmọ ti sọ pé òun ń bọ̀ wálé ní Àjíǹde, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú fa ilà sára ògiri ẹ̀yìn ilé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ilà kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa ilà náà ni wọ́n máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, lẹ́yìn ìsìn, ní àkókò kan náà.

Kò yí padà lọ́jọ́ kan. Jíjẹ ènìyàn ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ìjanlẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ó di pé á kàn wá di aṣọ mi mú tí a bá ń palẹ̀ mọ́, á di í mú gírígírí títí ìyá àgbà yóò fi yọ. Pàṣán kò wá sẹ́nu géètì mọ́.

Ní 1954, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Mary Ainsworth lọ sí Uganda. Ó ń lọ láti ilé dé ilé láwọn abúlé tí kò jìnnà sí Kampala, ìdílé 26, ó ń jókòó ti ìyá àti ọmọ ọwọ́, ó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ìyá òun wà níbẹ̀ ni ó ń rákò lọ jìnnà, tó ń fọwọ́ kan ohun tuntun. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, á yára padà sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀, á tún lọ. Lára ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì kárí ayé lónìí nípa ọmọdé àti ẹni tó ń tọ́ ọ ti jáde. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn tó ń pọn ọmọ bíi tiyín, ni wọ́n ti lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ èdè wa wá wù mí láti sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: inú ń bí i. Ẹ̀rù ń bà á. Ojú ń tì í. Àárò ń sọ ọ́. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Báwọn baba wa ṣe to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, bákan náà pẹ̀lú ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ̀rù ni ó ń ṣe nǹkan, ọmọ ni ó ń ṣe é fún. Ìbínú jẹ́ àlejò tó wọlé tọ̀ ọ́ láìkan ilẹ̀kùn. Kò sí ìyá tí yóò gbé pàṣán nítorí pé ebi ń pa ọmọ. Oúnjẹ ni yóò wá. Ṣùgbọ́n bí inú bá bí ọmọ kan náà tó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni a máa ń pa èdè dà: "Olóríkunkun ni." "Oníbìínú ni, bàbá rẹ̀ ló jọ." Ohun tó wá bá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti di orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta sì máa ń gba orúkọ tí a bá fún un gbọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti bàbá rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá bí ìjà bá wà nílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àna yín. Ọmọ gbọ́ èyí ju bí ẹ ṣe rò lọ.)

Ẹ sọ orúkọ ohun tó ń ṣe é fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín á fi bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ sì rọra sọ ọ́: "Inú ń bí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ, inú wá bí ọ." Kó má gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2007, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Matthew Lieberman, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà tàbí ẹni tí inú ń bí hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó wà lójú náà mu, ibi tó máa ń ké ìbòsí ewu nínú ọpọlọ máa ń rọlẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n lò, wọn kò lo ọmọdé. Síbẹ̀ mo rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní kíláàsì. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń sọ pé "inú ń bí mi" tàbí "ojú ń tì mí" kì í sáré gbé òkúta.

Bí ìjì náà bá wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má wàásù. Kò lè gbọ́. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí wa, èyí tó máa ń sọ fún ènìyàn pé "dúró ná, rò ó", òun ló máa ń pẹ́ jù lọ kó tó gbó. Ó ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Nítorí náà ó ń yá tiyín lò. Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́kọ́ yá a, nígbà tí ẹ pọ̀n ọ́n, tí èémí yín ń lọ tó ń bọ̀ sí i láyà, tí ẹ ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ẹ ń ki oríkì rẹ̀. Bí a bá ti sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, tó ti ń rìn, tó ti ń fèsì ọ̀rọ̀, a máa ń rò pé kò nílò ìyẹn mọ́. Ó ṣì nílò rẹ̀. Bí ohùn yín bá ròkè, tirẹ̀ á ròkè sí i. Bí ẹ bá mí kanlẹ̀, tí ẹ jókòó ti òun láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ óò rí i pé èjìká rẹ̀ á rọ. Ẹ ki oríkì rẹ̀ nígbà náà. Mi ò tíì rí oògùn tó yá jù ú lọ.

Ẹnì kan á sọ pé tíṣà ní ká máa gba ọmọ láyè kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Rárá o. Bí ó bá fẹ́ la igi mọ́ ẹnìkejì lórí, ẹ di ọwọ́ náà mú, ẹ gba igi. "Inú lè bí ọ. A kì í fi igi na ènìyàn." Ẹ ní kó ṣa oúnjẹ tó dà sílẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí pàṣán ń ṣe: ó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́, kò fi ohun tí ọmọ lè ṣe nígbà míì hàn án. Ohun tó rí kọ́ ni pé bí inú bá bí ẹni ńlá, ẹni ńlá a máa na ẹni kékeré. Lọ́jọ́ kejì, á ṣe é fún àbúrò rẹ̀.

Mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jà Kàbà, lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ọmọbìnrin mi tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ju ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí fèrè kan tí n kò rà fún un. Gbogbo ọjà ń wò wá. Mo gbá a létí. Ó dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé, mo sì rò pé mo ti ṣe dáadáa. Nígbà tó di òru, ara rẹ̀ gbóná fòfò. Ibà ni. Láti àárọ̀ ni ara ọmọ náà kò ti yá, kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́, fèrè ni ó rí sọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá ń ké láìnídìí, iwájú orí rẹ̀ ni ọwọ́ mi ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ń bi ara mi pé ìgbà wo ló jẹun, ìgbà wo ló sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, tọ̀sán tòru, kó má sì wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ju wákàtí kan lọ. Fóònù tí a ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ kó lè dákẹ́, ẹ̀yin àti èmi mọ irú ẹkún tó ń tẹ̀ lé e bí a bá gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Tẹ́lẹ̀, egúngún la fi ń dẹ́rù ba ọmọ. "Dákẹ́, egúngún ń bọ̀." Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé pé, "Dákẹ́, màá pe àwọn ajínigbé kí wọ́n wá gbé ọ." Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ní ilẹ̀ wa níbí, ìyẹn kì í ṣe àlọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́ nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ lóru. Wọ́n rí oko tí ẹ kò lọ mọ́, wọ́n rí bí ojú yín ṣe máa ń rí tí ọkọ̀ tó yẹ kó ti dé kò bá tíì dé. Ọmọ kan yàwòrán ilé fún mi, kò ya ilẹ̀kùn sí i. Mo bi í léèrè, ó ní kí wọ́n má baà wọlé ni.

Bí ó bá béèrè, ẹ sọ òótọ́ tó wọ̀n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ: "Àwọn ènìyàn burúkú kan wà. Àwọn àgbà ń ṣọ́nà. Èmi wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí. Bí o bá rí ẹni tí o kò mọ̀, sáré wá bá mi." Ẹ má sọ pé ohunkóhun kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ọmọ a máa mọ̀ tí a bá ń tan òun. Ẹ sì jẹ́ kó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ó bá ń fò sókè lójú oorun. Kò sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Bí ó ṣe rí fún ọmọbìnrin, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọmọkùnrin. Ẹni tó ń sọ fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin pé ọkùnrin kì í sunkún ń kọ́ ọ láti gbé e mì ni, ohun tí a gbé mì báyẹn sì máa ń jáde lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀.

Kí la fi ń pe ara wa ní Òkun? Ìkíni yìí náà ni. Ẹni tó ti oko dé, Òkun. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, Òkun. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, Òkun, àti àlejò, àti aláìsàn. Bí àgbà obìnrin bá yọ̀ ṣubú lọ́nà ọjà Mọ̀pà lónìí, gbogbo ẹnu ni yóò ké Òkun kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó mú un ṣubú. Ọmọ kékeré tó ṣubú lulẹ̀ fúnra rẹ̀, tí omijé bo ojú, ohun tí mo ń gbọ́ pé a ń sọ fún un ni "Dákẹ́! Kí n tó wá bá ọ níbẹ̀!" Òun nìkan ni a yọ sílẹ̀ nínú ìkíni ilẹ̀ wa. Ẹ kí i. Ẹ sọ ọ́ fún un nígbà tó bá ń ké, ìyẹn "Òkun, ọmọ mi", gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ yín.

Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé á kún, a óò gún iyán, a óò pa adìyẹ, lẹ́yìn náà oṣù kìíní á dé, àwọn ọkọ̀ Èkó àti ti Àbújá á bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ìdájí ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìsánlú, ní Kàbà. Lóru tó ṣáájú, kí ìyá ọmọ jókòó tì í, kó sọ ibi tí òun ń lọ àti ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Bí ó bá mọ ọjọ́ tí òun ń padà bọ̀, kó sọ ọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó má dá ọjọ́ kankan. Kó sọ ọjọ́ tí yóò máa pè lórí fóònù, kó sì pè lọ́jọ́ náà. Kó fi ìró rẹ̀ kan sílẹ̀ tí òórùn ara rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kí ọmọ máa fi bora.

Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ẹ jí ọmọ náà. Kí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ bọ́jú fún un, kó gbé e dé ìdí ọkọ̀, kó sì wọkọ̀ lójú rẹ̀. Yóò sunkún, á sì pọ̀. Ẹ̀yin náà lè sunkún. Bí ó bá ṣì ṣeé pọ̀n, ẹ pọ̀n ọ́n lọ sílé. Ní aago mẹ́jọ, ẹ mú un wá fún mi tòun ti omijé rẹ̀, ẹ má nù ún nù nítorí mi. Ẹnu géètì ni n ó wà. Màá bẹ̀rẹ̀, màá kí i.

Èmi ni ọmọ yín,
tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìsánlú